OJÚ ỌBA: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ ÀWÒRÁN ÀWỌN ỌBA NÍ ILẸ̀ YORÙBÁ ÀTI NÍ ILẸ̀ ÍŃDÍÀ

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, Ìrèsì)

 



Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn wọ pálọ̀ àgbàlagbà kan ní Ìrèsì, ní Ọ̀tan Ayégbajú tàbí ní Ìlá kí ó má bá kàlẹ́ńdà lára ògiri, kí ó má sì bá ọba lórí kàlẹ́ńdà náà. Arèsì ni ní Ìrèsì, Ọ̀ràngún ni ní Ìlá. Ọba jókòó, ó dé adé, ó di ìrùkẹ̀rẹ̀ mú, ìyùn wà lọ́rùn, ìyùn wà lọ́wọ́. Bàbá onílé a tẹ́ ẹní sí abẹ́ rẹ̀ kírun. Ọmọ a ti ilé ẹ̀kọ́ gíga dé, a gbójú sókè, a ní kí wọ́n yọ àwòrán yìí kúrò, ṣíríkì ni. Bàbá a ní ọmọ tí kò mọ iyì ọba kò lè mọ iyì bàbá. Báyìí ni ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ ṣe ń di ìjà, tí ìkíni àárọ̀ ń dá láàrin àwọn tí ń kírun nínú ilé kan náà.

Ìjà bàbá àti ọmọ yìí ni ọ̀rọ̀ òní dá lé. Àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láti ayé pípẹ́, ọ̀rọ̀ yìí yóò sì débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dájọ́ ohun kan ní láti kọ́kọ́ mọ ohun náà. Kí ni àwòrán ọba ń ṣe fún ọba? Kí ni ó ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń wò ó? Ìbéèrè kejì yìí gan-an ni òṣùwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bíbò ni wọ́n ń bo ojú ọba. Adé ìlẹ̀kẹ̀ tí ọba ń dé ní ọjọ́ ńlá ní ìbòjú: àwọn okùn ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó rọ̀ láti etí adé wá sí iwájú títí dé àgbọ̀n. Ẹni tí ó wá kí ọba ń gbọ́ ohùn, ó ń rí aṣọ, ó ń rí ìrùkẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kò hàn sí i. Ohun tí ó wá jẹ́ ìyanu ni pé lára adé kan náà tí ó bo ojú ọba, ojú mìíràn wà. Wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ojú, imú àti ẹnu sí iwájú adé, wọ́n sì to ẹyẹ sí orí rẹ̀. Ta ni ó ni ojú yẹn? Àwọn kan ní Odùduwà ni, àwọn kan ní àwọn ọba àná ni. Kò sí ẹni tí ó ní ojú ọba tí ó wà lórí ìtẹ́ lónìí ni. Ẹni tí ó dé adé yóò lọ, adé yóò dúró. Nítorí náà ni ẹnu Yorùbá kì í fi í gbà pé ọba kú, wọ́n á ní ó wàjà.

Ní ọdún 1903, àríyànjiyàn dé lórí bóyá Ẹlẹ́pẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ lẹ́tọ̀ọ́ sí adé onílẹ̀kẹ̀. Gómìnà MacGregor ránṣẹ́ sí Ọọ̀ni Ifẹ̀, Adélékàn Olúbùṣe Kìíní, pé kí ó wá sí Èkó láti wá sọ ẹni tí adé tọ́ sí. Ìrìn-àjò náà mi ilẹ̀ Yorùbá tìtì. Síbẹ̀, lórí adé ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Bí ojú ẹni tí ó dé e ṣe rí kò sí nínú ọ̀rọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí rò pé àwọn ará àtijọ́ kò mọ bí a ti ń ṣe ojú ènìyàn kí ó jọ ènìyàn. Ní ọdún 1938, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin Ilé-Ifẹ̀, kan orí idẹ nínú ilẹ̀. Orí tí ó ti ibẹ̀ jáde lé ní mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ wọn tóbi tó orí ènìyàn gan-an. Ẹnu tó ẹnu, ìpéǹpéjú tó ìpéǹpéjú. Àwọn mìíràn ní ilà wẹ́wẹ́ tí ó ti iwájú orí ṣàn wá sí àgbọ̀n bí ojú òwú tí a ta. Àwọn onímọ̀ fojú díwọ̀n ọjọ́ orí iṣẹ́ náà sí àárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Kí wọ́n tó rí wọn, Leo Frobenius ará Jámánì ti dé Ifẹ̀ ní ọdún 1910, ó ti rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì gbà pé aláwọ̀ dúdú ló ṣe é. Ó lọ mú àwọn ará Gíríìkì àti ìlú kan tí wọ́n ní òkun gbé mì wọ inú ọ̀rọ̀. Báyìí ni ìgbéraga ṣe máa ń sọ ọ̀mọ̀wé di alálọ̀ọ́.

Àwọn orí idẹ yìí ní ihò wẹ́wẹ́ yíká ibi tí irun orí tàbí irùngbọ̀n yẹ kí ó wà. Àwọn kan ní adé ni wọ́n fi ihò náà so mọ́ ọn, àwọn kan ní ìbòjú ni. Ojú kan tún wà tí wọn kò rì mọ́lẹ̀ rárá, tí ó wà nínú ààfin Ọọ̀ni láti ìran dé ìran. Ọbàlùfọ̀n ni wọ́n ń pè é. Bàbà ni wọ́n fi rọ ọ́, bàbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù kankan. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ mọ̀ pé rírọ bàbà lásán nira ju rírọ idẹ lọ.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo àwọn orí Wúnmọníjẹ̀ yóò rí i pé kò sí arúgbó láàrin wọn. Kò sí ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tí ó bínú, kò sí ẹni tí àìsàn mú. Wọ́n jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n wọn kò jọ lágbájá. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí bóyá ọba kọ̀ọ̀kan ni orí kọ̀ọ̀kan dúró fún. Ohun tí ojú rí ni pé ipò ni alágbẹ̀dẹ fi idẹ rọ, ó sì wọ ojú ènìyàn sí ipò náà lọ́rùn.

Nínú ilẹ̀ Ìgbómìnà kan náà, ní Èsìẹ́ tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ère òkúta wà tí iye wọn tó 1,000 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1933 ni Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ fún ìjọ CMS, sọ nípa wọn fún ayé. Nígbà tí ó di ọdún 1945, wọ́n dá ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí sílẹ̀ fún wọn níbẹ̀, òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ jókòó lórí àpótí, àwọn kan mú idà lọ́wọ́, ilà wà lójú, irun dídì wà lórí. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọba Ère. Ìtàn ẹnu ní àlejò ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta. Mùsùlùmí kò ní gba ìtàn yẹn gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi àìgbàgbọ́ rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di aláìmọ̀kan: àwọn ènìyàn kan gbé ilẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó wà láyé tó dé, wọ́n ní ìjòyè, wọ́n ní ọmọ-ogun, òkúta yìí sì ni ìwé tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Òyìnbó dé, àwòrán ọba sì yí padà. Láàrin ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọjọ́ tí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Ambrose, wá kí Ògògà ni ó gbẹ́ sára rẹ̀. Ní apá òsì, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́, adé rẹ̀ ga, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá ọ̀tún, Òyìnbó dùbúlẹ̀ sínú àkéte tí ènìyàn méjì gbé rù. Ẹni tí ó ni agbára ìbọn lọ́jọ́ yẹn kọ́ ni agbẹ́gilére fún ní ipò. Ọba ni ó jókòó, àlejò ni ó ń bọ̀. Ní ọdún 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá ní Wembley, wọ́n sì fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílùú Òyìnbó ni ó gbà dípò rẹ̀, ilẹ̀kùn sì wà nínú British Museum di òní.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ré òkun kọjá lọ sí Íńdíà, nítorí àwọn ọba kan jẹ níbẹ̀ tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, tí wọ́n ń kírun, tí wọ́n ń gba ààwẹ̀, tí ọ̀rọ̀ àwòrán ọba sì dé ọ̀dọ̀ wọn ju bí ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn ni ọba Mughal, tí ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1526. Àwòrán tiwọn kì í ṣe ère, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun ńlá tí a ń gbé kọ́ ògiri. Àwòrán kékeré ni, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ojú ewé ìwé lọ. Irun ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì, òkúta aláwọ̀ búlúù ni wọ́n ń lọ̀ fi kun ojú ọ̀run, wúrà ni wọ́n ń lọ̀ fi kun adé. Ọba Humayun ni ó mú àwọn ọ̀gá ayàwòrán méjì, Mir Sayyid Ali àti Abd al-Samad, wá láti ilẹ̀ Páṣíà nígbà tí ó ń padà sórí ìtẹ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Akbar, tí ó jọba láti 1556 sí 1605, sọ iṣẹ́ náà di iṣẹ́ ààfin.

Akọ̀wé Akbar, Abu'l-Fazl, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọba fúnra rẹ̀ jókòó kí wọ́n ya ojú òun, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n ya ojú gbogbo ìjòyè ìjọba, kí wọ́n kó o jọ sínú ìwé ńlá kan. Ẹ kíyè sí i: ìjọba tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọba fẹ́ mọ ojú àwọn tí ó ń bá a ṣe é. Nígbà tí àwọn kan sọ pé yíya àwòrán kò tọ́, èsì tí wọ́n ní Akbar fọ̀ ni pé ayàwòrán gan-an ló yẹ kó mọ Ọlọ́hun jù, nítorí bí ó ti wù kí ó mọ iṣẹ́ tó, kò lè fi ẹ̀mí sí i, bí ó bá sì dé ibẹ̀, dandan ni kí ó rántí Ẹni tí ń fi ẹ̀mí sí i. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, ṣùgbọ́n ẹnu ọba ni ó ti wá, ọba tí ó ní kí àwọn ènìyàn máa forí balẹ̀ níwájú òun bí ẹni tí ń ṣe sùjúùdù. Ẹnu tí ó sọ bẹ́ẹ̀ nípa ayàwòrán kò ránti rẹ̀ nípa ara rẹ̀.

Ohun tí ó yàtọ̀ pátápátá sí ti Yorùbá nìyí. Fèrèsé kan wà nínú ògiri ààfin Mughal, jharokha ni wọ́n ń pè é. Ní òwúrọ̀, ọba a yọjú níbẹ̀ kí àwọn ará ìlú rí ojú rẹ̀. Àwọn kan wà tí kì í jẹun, tí kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àfi bí wọ́n bá ti rí ojú ọba ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Yorùbá bo ojú ọba kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Mughal ṣí ojú ọba kí gbogbo ènìyàn baà lè rí i. Àwòrán kékeré inú ìwé ni fèrèsé náà fún ẹni tí ó wà lọ́nà jíjìn.

Jahangir, ọmọ Akbar, tí ó jọba láti 1605 sí 1627, ni ó wá fẹ́ràn àwòrán jù. Nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó fọ́nnu pé bí wọ́n bá gbé àwòrán wá síwájú òun, òun á mọ ayàwòrán tí ó ṣe é láìjẹ́ pé wọ́n dárúkọ. Ní ọdún 1613, nígbà tí ó ń rán ikọ̀ sí Shah Abbas, ọba Páṣíà, ó fi ayàwòrán Bishandas kún wọn kí ó lọ ya ojú ọba náà wá. Òun àti Shah Abbas kò fojú kan ara wọn rí títí wọ́n fi kú. Síbẹ̀, Abu'l Hasan ayàwòrán ya àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń dì mọ́ra. Jahangir dúró lórí kìnnìún, Abbas dúró lórí àgùntàn, kìnnìún sì ń ti àgùntàn lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ojú inú mọ ẹni tí ó sanwó iṣẹ́ náà.

Èyí tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí mọ̀ jù ni èyí tí Bichitr yà ní nǹkan bí ọdún 1615 sí 1618. Jahangir jókòó lórí ìgò iyanrìn, irú èyí tí wọ́n fi ń ka àkókò. Ìmọ́lẹ̀ ńlá yí orí rẹ̀ ká, oòrùn àti òṣùpá papọ̀. Ènìyàn mẹ́rin wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù ni arúgbó àáfà kan, Shaikh Husain, ará ilé Chishti. Òun ni ọba ń fún ní ìwé, àáfà náà sì fi aṣọ gbà á. Sultani ilẹ̀ Tọ́kì ni ó tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà James Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí aṣojú rẹ̀, Thomas Roe, dé Íńdíà ní ọdún 1615. Ẹni ìkẹyìn, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ni ayàwòrán fúnra rẹ̀. Ó mú àwòrán kékeré lọ́wọ́ nínú èyí tí ó ti ń foríbalẹ̀ fún ọba. Ibi tí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ni àpótí ìtìsẹ̀ tí ọba ń gbà gun ìtẹ́.

Ẹni tí ó bá yára wò ó yóò ní: ẹ wo ọba tí ó fẹ́ràn onímọ̀ ẹ̀sìn ju àwọn ọba ayé lọ! Òtítọ́ ni, ohun tí àwòrán náà fẹ́ kí wọ́n sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. Àáfà kò ní ìmọ́lẹ̀ lórí. Ọba ló ní in. Ọba fúnra rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n yà á bí onírẹ̀lẹ̀, ó sì jókòó ga ju gbogbo wọn lọ nínú ìrẹ̀lẹ̀ náà. Kò sí ohun tí a lè fi búrọ́ọ̀ṣì yà tí ó le ju ìrẹ̀lẹ̀ ọba lọ. Ọba kan náà ló rọ owó wúrà tí ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀, lára àwọn kan tí ife ọtí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Nūr al-Dīn, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀sìn, ni oyè rẹ̀. Ní ọdún 1619 ni ó ju Shaikh Ahmad Sirhindi sí ẹ̀wọ̀n ní Gwalior, àwọn ọmọlẹ́yìn àáfà náà sì ń sọ ọ́ di òní pé nítorí pé kò foríbalẹ̀ fún ọba ni.

Ṣùgbọ́n ayàwòrán kan mọ ohun tí ó ń ṣe. Nínú ìgò tí ọba jókòó lé, iyanrìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà sílẹ̀ tán. Àwọn ọmọdé abìyẹ́ méjì ń kọ àdúà sí ara ìgò pé kí ọba pé ẹgbẹ̀rún ọdún, iyanrìn sì ń já bọ́ níṣojú wọn. Kò tó ọdún méjìlá lẹ́yìn rẹ̀ tí Jahangir jáde láyé.

Shah Jahan gun orí ìtẹ́ ní ọdún 1628, ó fòpin sí sùjúùdù níwájú ọba. Aurangzeb tẹ̀lé e, ẹni tí ó le nínú ẹ̀sìn. Ní nǹkan bí ọdún 1668 ó ti fèrèsé jharokha pa, ó ní kí àwọn ènìyàn má fi ojú òun ṣe ohun ìjọsìn. Owó tí ààfin ń ná lórí àwòrán náà sì dín kù. Síbẹ̀, àwòrán rẹ̀ wà, níbi tí ó ti darúgbó, tí ó ń ka Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé. Àwòrán kọ́ ni ó gbógun tì jù, fèrèsé ni.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ti Mughal ti pàdé. Àwọn kan ṣí ojú ọba sílẹ̀ títí àwọn ènìyàn fi ń gbààwẹ̀ dè é. Àwọn kan bo ojú ọba títí wọ́n fi ń pè é ní aláṣẹ ìkejì òrìṣà. Ọ̀nà méjì ni, ibì kan náà ni wọ́n já sí. Ọ̀dọ́ tí ó bá rò pé bí a bá ti yọ àwòrán kúrò lára ògiri, àpọ́njù ti kúrò nínú ọkàn, kí ó rántí pé bíbò ni wọ́n ń bo ojú ọba ní ààfin àtijọ́, àpọ́njù sì wà níbẹ̀ dẹ́nu.

Kí ni ẹ̀sìn wá wí? Àwọn hádíìsì tí ó kọ yíya ohun ẹlẹ́mìí pọ̀, wọ́n sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú Bukhari àti Muslim. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ dídùn Akbar fọ́ wọn dànù. Nínú wọn ni ìtàn aṣọ ìkélé Áíṣà, ìyá àwọn onígbàgbọ́ òdodo, tí àwòrán wà lára rẹ̀. Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kò fẹ́ ẹ níbi tí wọ́n ta á sí. Áíṣà gé e, ó fi ṣe ìrọ̀rí, wọ́n sì ń fara tì í nínú ilé. Ohun tí wọ́n gbé sókè ni wọ́n sọ kalẹ̀. Àwọn onímọ̀ Málíkì, tí òfin wọn ni ilẹ̀ yìí ń tẹ̀lé, ya ohun tí ó ní òjìji sọ́tọ̀ sí ohun tí kò ní òjìji: ère tí ó pé ní ẹ̀yà ara jẹ́ èèwọ̀ ní ṣíṣe, àwòrán orí bébà tàbí aṣọ jẹ́ ohun tí a kórìíra, kò dé ipò èèwọ̀. Al-Nawawi, tí kì í ṣe Málíkì, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti fọ́tò, Muhammad Bakhit al-Muti'i tí ó jẹ́ Mufti ilẹ̀ Íjíbítì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá kọ ọ́ pé òjìji tí ìmọ́lẹ̀ mú ni, kì í ṣe dídá ẹ̀dá. Àwọn mìíràn kò gbà fún un, àfi níbi tí bùkátà bá wà. Àwọn tí kò gbà náà kò lọ sí Mẹ́kà láìsí fọ́tò nínú ìwé ìrìnnà wọn.

Owó tún ń kọ́? Ní ayé àwọn Khalifa àkọ́kọ́, owó wúrà Róòmù tí orí ọba wọn wà lára rẹ̀ ni àwọn Mùsùlùmí ń ná. Abd al-Malik ọmọ Marwan rọ tirẹ̀, tí Khalifa dúró lára rẹ̀ tòun ti idà. Nígbà tí ó di ọdún 77 Híjírà, ó yọ àwòrán kúrò pátá, ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí ni ó fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ìlú yìí pàápàá ná irú méjèèjì: sílè tí orí ọba Gẹ̀ẹ́sì wà lára rẹ̀, àti kọ́bọ̀ oníhò tí kò ní orí ẹnikẹ́ni, adé àti orúkọ ọba nìkan ni ó yí ihò ká. Láti ìgbà tí orí Murtala Muhammed ti wọ inú owó ogún náírà ní ọdún 1977, kò sí mọ́ṣálásí tí àwòrán aláṣẹ kì í wọ̀ nínú àpò.

Ọmọ Ìlá kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ju ẹnikẹ́ni lọ. Òun ni Alhaji Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, tí a bí ní ọdún 1928 sí ìdílé agbẹ́gilére ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Orúkọ rẹ̀, Ọlọ́nàdé, ti sọ iṣẹ́ ilé wọn. Lámídì sọ ẹ̀sìn rẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, àjọ UNESCO sì bu ọlá fún un ní ọdún 2006 kí ó tó jáde láyé ní ọdún 2009. Òun ni ó gbẹ́ ère Odùduwà tí ó wà ní gbọ̀ngàn Odùduwà ní Yunifásítì náà, ní ọdún 1987. Ọmọ Mùsùlùmí ni ó gbẹ́ ojú ọba àkọ́kọ́, ojú tí kò sí ẹni tí ó rí i rí. Òfin Málíkì lórí gbígbẹ́ ère ni a ti sọ lókè yìí, kò sí bí a ó ti yí i. Ìṣirò iṣẹ́ ẹni tí ó ti lọ wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n gbígbẹ́ yàtọ̀ sí mímọ̀. Ọmọ Ìgbómìnà tí kò mọ orúkọ Fákẹ́yẹ, tí kò lọ sí Èsìẹ́ rí, tí ó sì ń sọ pé kí wọ́n fọ́ gbogbo rẹ̀, kò tíì ní ẹ̀tọ́ sí ìgbóná-ọkàn rẹ̀. Àwọn òrìṣà tí Ànọ́bì Ibrahim fọ́ jẹ́ èyí tí wọ́n ń sìn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ń wó ère Bamiyan ní Afganistani ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí, Yusuf al-Qaradawi nínú wọn, gbéra lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ní Ifẹ̀, ní ọdún 1993 àti 1994, àwọn olè ni ó fọ́ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, wọ́n sì kó àwọn orí amọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí kò ní dùn létí. Ọ̀dọ́ tí ó ní kí bàbá òun yọ kàlẹ́ńdà ọba, òun náà ló ń lẹ pósítà wáàsí Rámàdánì káàkiri ìlú. Àwòrán àáfà oníwàásù wà láàrin rẹ̀, ó tóbi ju orúkọ Ọlọ́hun tí wọ́n kọ sókè lọ, ìmọ́lẹ̀ sì yí láwàní rẹ̀ ká yẹ́ríyẹ́rí. Ìmọ́lẹ̀ Jahangir gan-an ni. Bichitr kò fi í fún àáfà tirẹ̀, àwọn atẹ̀wé òde òní ti fi í fún àáfà.

Ní ti bàbá àti ọmọ: kíkírun sí ọ̀gangan àwòrán jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ kórìíra, ti ọba ni tàbí ti àáfà, nítorí náà kí wọ́n gbé kàlẹ́ńdà kúrò ní apá Kíbílà. Kí ọmọ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, kí ó sì bá bàbá wá ìṣó tí yóò fi gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, nítorí ọjọ́ oṣù ni bàbá ń wò níbẹ̀ ní àràárọ̀. Kò sí ẹni tí yóò fi í sínú mọ́ṣálásí. Nígbà tí oṣù Kejìlá bá sì parí, tí tuntun dé, bébà rẹ̀ a máa nípọn, ó sì dára. Àwọn ìyá a gé e, wọ́n á fi bo ìwé ọmọ iléèwé. Ojú ọba á wà nínú, ẹ̀yìn funfun á wà níta, ọmọ á kọ orúkọ ara rẹ̀ àti kíláàsì rẹ̀ sí i. A kò tíì gbọ́ pé ọba kankan bínú sí i.